Kí Ló Ń Mú Odídẹrẹ́ Sọ̀rọ̀? Àlàyé fún Ẹni Tí Ẹyẹ Rẹ̀ Kò Tíì Fọhùn

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Adó-Èkìtì gba ọmọ odídẹrẹ́ kan lọ́wọ́ ìbátan wọn tó ń kó lọ sílùú mìíràn. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko lẹyẹ náà fi wà lẹ́yìnkùlé wọn láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ń súfèé, ó ń han, ó tiẹ̀ ń dún bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ẹ́ tán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹ káàbọ̀” tí ẹ̀gbọ́n ń retí kò jáde.

Kò sẹ́ni tó yà sílé náà tí kò ní ìmọ̀ràn lẹ́nu. Ìyá kan ní kí wọ́n máa fún un ní ata wẹ́wẹ́ láràárọ̀. Bàbá kan ní ata nìkan ò tó, àfi kí wọ́n gé ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀ díẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí wọ́n gba ohùn sórí fóònù, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ fún un látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹlòmíràn wò ó títí, ó ní abo ni, pé abo kì í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí èmi náà yà síbẹ̀, mo rí abẹ tuntun kan lójú fèrèsé, kò tíì kúrò nínú bébà rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n má tíì lò ó.

Nínú ìmọ̀ràn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò sí èyí tó kan ohun tó ń mú ẹyẹ fọhùn. Odídẹrẹ́ ń sọ̀rọ̀ nítorí pé kò lè dá gbé. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ ti mọ ìdajì bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

Ẹyẹ wo là ń sọ, kí la sì ń pè ní ọ̀rọ̀?

Ẹyẹ aláwọ̀ eérú tó ní ìrù pupa fòò ni Yorùbá ń pè ní odídẹrẹ́ tàbí odídẹ. Ó gùn díẹ̀ ju rúlà ọmọ iléèwé lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33, kì í sì í sábà wúwo tó ìdajì kílò. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀ là ń pè ní ìkó odídẹ, èyí tí wọ́n ń fi síwájú orí ìyàwó òrìṣà. A tún ń pè é ní ayékòótọ́, torí ohun tó bá gbọ́ nínú ilé ló máa sọ síta, bí inú onílé dùn bí kò dùn.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, nǹkan mẹ́ta ló máa ń dàrú mọ́ra wọn lọ́kàn wa. Èkíní ni kí ẹyẹ lè gbé ìró jáde. Èkejì ni kó sín ìró ẹlòmíràn jẹ. Ẹ̀kẹta ni kó mọ ohun tí ìró náà dúró fún. Gbogbo ẹyẹ ló ní ti àkọ́kọ́, adìyẹ pàápàá ní in. Ti èkejì ṣọ̀wọ́n. Ti ẹ̀kẹta ni àwọn onímọ̀ ti jiyàn lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lẹ́sẹẹsẹ.

Níbo lohùn rẹ̀ ti ń jáde?

Tiwa wà lọ́fun, níbi gògóńgò. Fọwọ́ kàn án, kí o sì sọ̀rọ̀, wàá mọ̀ ọ́n tó ń gbọ̀n. Ti odídẹrẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àyà, níbi tí ọ̀nà èémí ti ya sí méjì kó tó wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fojú inú wo igi tí ọmọdé fi ń ṣe kànnàkànnà: ibi tí ẹ̀ka méjèèjì ti pàdé gan-an ni. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà níbẹ̀ tó ń gbọ̀n bí èémí bá ń kọjá, àwọn iṣan kéékèèké sì ń fà á le tàbí kí wọ́n dẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá ti wo onídùndún lẹ́nu iṣẹ́ ti mọ èyí. Onílù fún ọṣán mọ́ ìhà, ohùn ìlù lọ sókè. Ó dẹwọ́, ohùn náà rọlẹ̀. Ìlù kò ní ètè, kò ní eyín, síbẹ̀ ó ń ki ọba, ọba sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì. Odídẹrẹ́ tún wá ju ìlù lọ, nítorí ó ní ahọ́n. Ahọ́n rẹ̀ nípọn, ó sì ń tì í síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, ó ń gbé e sókè sódò láti yí ìró padà, bí àwa náà ṣe ń fi ahọ́n ya “a” sọ́tọ̀ lára “i”. Kò ní ètè tó máa pa dé láti fi pe “b” tàbí “m”, ṣùgbọ́n á wá ọgbọ́n kan dá sí i tí etí á fi gbà á.

Mo gbà pé ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èdè olóhùn lèdè wa. Ẹni tó bá pe “igbá” bí ẹni pe “ìgbà” ti sọ nǹkan mìíràn, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sì ni ẹyẹ yìí ń kọ́kọ́ gbá mú. Kódà kí ọ̀rọ̀ tó mọ́ lẹ́nu rẹ̀, wàá ti gbọ́ orin ọ̀rọ̀ náà láti inú kéèjì, bí ẹni ń kùn ín sínú. Ìyá àgbà tó wò mí dàgbà ní Ìjerò ní odídẹrẹ́ kan. “Ulé” ni ẹyẹ náà ń pe ilé, bí wọ́n ṣe ń pè é lágbo ilé wa. Èmi tí mo ti lọ kọ́ “ilé” níléèwé, bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀, á wò mí, kò ní dáhùn.

Kí ló dé tó fi ń sín èèyàn jẹ?

Nínú igbó, agbo ni odídẹrẹ́ fi ń gbé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ké síra wọn kí wọ́n tó tú lọ wá oúnjẹ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún ké síra wọn bí wọ́n ṣe ń padà síbi tí wọ́n ń sùn. Igbe yẹn dà bí ìgbà tí ìyá wà nídìí ààrò tó ń pe orúkọ ọmọ tó wà níta, tí ọmọ ń dáhùn pé “Mà”. Ìyá ò fẹ́ rán an níṣẹ́, ó kàn fẹ́ mọ̀ pé ọmọ òun wà nítòsí ni. Ẹyẹ tí kò bá mọ igbe agbo rẹ̀ á sọ nù, èyí tó bá sì sọ nù di ìjẹ àṣá. Nítorí náà, wọn kì í bí igbe mọ́ odídẹrẹ́ tán. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó bá bá gbé, bí ọmọ Èkìtì tí wọ́n gbé lọ sí Kánò ní kékeré ṣe máa fi Haúsá bọ̀.

Ìbátan odídẹrẹ́ kan wà ní orílẹ̀-èdè Fẹnẹsúélà, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀: àwọn òbí ẹyẹ yìí ní igbe tó yàtọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti inú ìtẹ́, ọmọ sì ń kọ́ igbe náà, ó ń lò ó bí ẹni ń jẹ́ orúkọ. Inú mi dùn gidigidi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àwọn ẹyẹ náà ń sọmọ lórúkọ.

Ọpọlọ rẹ̀ náà ní ohun tó fi yàtọ̀. Àwọn ẹyẹ tó ń kọ́ orin ní ibì kan nínú ọpọlọ wọn tó wà fún kíkọ́ ohùn. Odídẹrẹ́ àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní ibẹ̀, wọ́n tún wá ní òmíràn tó yí i ká, èyí tí àwọn onímọ̀ ṣàlàyé lọ́dún 2015. Ẹ mú ẹyìn kan lọ́wọ́, kí ẹ là á. Èkùrọ́ ló wà láàárín, ẹran ara ẹyìn ló bò ó. Àwọn ẹyẹ olórin yòókù ní èkùrọ́ nìkan. Odídẹrẹ́ ní ẹyìn odindi.

Wàyí o, mú irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú agbo, kí o gbé e sínú pálọ̀. Kò sí odídẹrẹ́ mìíràn níbẹ̀. Ìwọ, ìyàwó rẹ, àwọn ọmọ, ajá àti rẹ́díò ló rí. Ẹ̀yin nìyẹn, ẹ ti di agbo rẹ̀. Ó máa wá igbe tí ẹ fi ń pera yín, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ kí ẹ lè dá a lóhùn. Ti ìyá àgbà máa ń pe adìyẹ gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà fúnra wọn ṣe ń pè wọ́n tí wọ́n bá fẹ́ da àgbàdo sílẹ̀. Àwọn adìyẹ á sáré dé, wọ́n á na ọrùn, wọ́n á ṣa ilẹ̀ tì. Ìyá àgbà á wá yọ sẹ́nu ọ̀nà láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo rò pé ohun tí ẹyẹ náà ń wá gan-an nìyẹn: kí ìyá àgbà yọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ata ńkọ́, ahọ́n gígé ńkọ́?

Ata tó ń ta wá lẹ́nu kì í ta ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà nínú ata tó ń lọ kan ibì kan lára iṣan ẹnu wa, tí ara wa á fi rò pé iná ni. Ti ẹyẹ kò gba ohun náà bí tiwa. Ìdí nìyí tí ẹyẹ fi ń jẹ ata wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà, tó sì ń lọ yàgbẹ́ hóró rẹ̀ sídìí igi, tí ẹ ó kàn rí i pé ata hù níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ín sí. Nítorí náà, ata kò lè “la ohùn” odídẹrẹ́. Kò sì burú fún un o. Èròjà fítámìn A wà nínú ata pupa, èyí tí odídẹrẹ́ tó ń jẹ àgbàdo àti ẹ̀pà nìkan kì í rí tó. Ẹ máa fún un bí oúnjẹ, ẹ má retí ọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀.

Ti ahọ́n gígé kì í ṣe ohun tí mo lè fẹ̀sọ̀ sọ. Ẹ má ṣe é. Ahọ́n yẹn ló fi ń yí ẹ̀pà lẹ́nu kó lè bó o, òun ló fi ń gbé omi mì, òun náà ló fi ń dárà sí ọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ lára ẹyẹ tí kò tó ìdajì kílò. Ìwọ̀nba tó máa dà nù ti tó láti pa á, èyí tí kò bá sì kú lè má jẹun dáadáa mọ́ títí ayé. Gígé ahọ́n kí ẹyẹ lè sọ̀rọ̀ dà bíi kéèyàn já ọṣán dùndún kó lè dún.

Ṣé ó mọ ohun tó ń sọ?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn àwọn onímọ̀ ni pé rárá. Wọ́n ní ẹyẹ kàn ń dá ìró padà bí àpáta ni. Ẹni tó mú wọn tún un rò ni obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Irene Pepperberg. Lọ́dún 1977, ó ra odídẹrẹ́ kan tó tó ọmọ ọdún kan ní ilé ìtajà kan ní Chicago, ó sọ ọ́ ní Alex, ó sì kọ́ ọ fún 30 ọdún.

Alex mọ ọ̀rọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó mọ orúkọ nǹkan bí 50, àwọ̀ 7 àti ìrísí 5. Wọ́n á kó oríṣiríṣi nǹkan sínú àwo, wọ́n á bi í pé mélòó ló jẹ́ aláwọ̀ kan pàtó, á sì kà á. Bí ohun méjì bá jọra, tí wọ́n bi í pé kí ló yàtọ̀, á ní kò sí. Bí ara rẹ̀ kò bá lélẹ̀, á ní òun fẹ́ padà sínú kéèjì òun. Wọ́n fún un ní èso ápù, kò sì tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ó dá orúkọ sílẹ̀ fún un, ó pè é ní “banerry”. Èso méjì tó mọ̀, banana àti cherry, ló dà bí ẹni pé ó so pọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, Pepperberg fi í sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Alex ní kó máa ṣe dáadáa, pé ó dọ̀la, àti pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dágbére fúnra wọn lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún 31 ni.

Èmi kò ní sọ pé odídẹrẹ́ ń ronú bí èèyàn. Àmọ́ “kò mọ nǹkan kan” kì í ṣe òótọ́. Ó ń so ìró mọ́ ohun, ó sì ń so ó mọ́ àkókò. Ti ìyá àgbà máa ń ní “ó dàárọ̀” tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ pa fìtílà, kò jẹ́ sọ ọ́ lọ́sàn-án.

Ẹyẹ tó sì mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ jù nínú Guinness, ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó ta yọ jù láyé sí, kì í ṣe odídẹrẹ́ rárá. Ẹyẹ kékeré kan tí kò tóbi ju ọwọ́ lọ ni, Puck lorúkọ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ 1,728 ni wọ́n kà sí i. Ní tèmi, iye kọ́ ni mo fi ń wọn ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó bọ́ sákòókò dára ju ọgọ́rùn-ún tó kàn ń dún lọ.

Báwo la ṣe ń kọ́ ọ gan-an?

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbé e wọ inú ilé. Kéèjì tó wà lẹ́yìnkùlé, tí èèyàn ń dé ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti da àgbàdo, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ gbé e síbi tí ẹ ti ń jẹun, tí ẹ ti ń jókòó, kí ẹ̀yìn kéèjì kọ ojú sí ògiri kí ara lè tù ú. Kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé agbo òun lẹ jẹ́. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n: bí ẹyẹ bá lè gba ẹ̀pà lọ́wọ́ yín láìsá sẹ́yìn, ó ti ṣetán.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀rọ̀ kan tó ní ohun kan. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ káàbọ̀ sílé wa o, ẹ jókòó”. Ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹ ní “ọ̀gẹ̀dẹ̀”, kí ohùn yín dùn, kí ojú yín tàn, bí ẹ ṣe ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ gé díẹ̀ fún un. Ẹ tún pè é. Bí ẹ bá ń gbé omi rẹ̀ wọlé, “omi” ni kí ẹ pè, kì í ṣe orúkọ rẹ̀, kì í ṣe “káàárọ̀”. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ohun kan nídìí, ariwo ni létí rẹ̀.

Ọ̀nà tí Pepperberg lò, tí mo fẹ́ràn jù, ń gba èèyàn méjì. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́, èkejì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, odídẹrẹ́ sì ń wòran. Ẹ jẹ́ ká sọ pé màmá di ìbẹ́pẹ mú, ó bi ọmọ rẹ̀ pé “Kí nìyí?” Ọmọ ní “ìbẹ́pẹ”. Màmá yìn ín, ó fún un jẹ. Màmá tún bi í, ọmọ mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í pè, màmá gbé ìbẹ́pẹ pa mọ́. Ẹ wo ojú ẹyẹ nígbà yẹn: orí rẹ̀ á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹyinjú rẹ̀ á máa fẹ̀, á máa súnkì. Ó rí i pé ìró kan wà tó ń ṣí ọwọ́ màmá, ẹlòmíràn sì ń jẹ èrè rẹ̀. Òun náà á fẹ́ ní in. Ọmọ tó ń wò ó bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń fi “ẹ jọ̀wọ́” gba ẹran lọ́wọ́ ìyá máa tètè mọ “ẹ jọ̀wọ́”.

Èyí ló jẹ́ kí ti fóònù má ṣiṣẹ́. Wọ́n ti dán an wò lọ́wọ́ Pepperberg náà. Wọ́n fi ohùn orí kásẹ́ẹ̀tì àti fídíò nìkan kọ́ àwọn odídẹrẹ́ kan, wọn ò kọ́ láti máa fi àwọn ọ̀rọ̀ náà pe nǹkan. Fóònù kì í wò ó lójú, kì í fún un lọ́gẹ̀dẹ̀, bó bá sì dáhùn, kì í yọ̀. Ẹyẹ lè di ohùn inú rẹ̀ mú lóòótọ́, bó ṣe máa di ìró jẹnẹrétọ̀ àti fèrè ọ̀kadà mú, àmọ́ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó lò ó.

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, torí àkókò tí agbo ń ké síra wọn nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ pa rẹ́díò. Bó bá ti ń ya ẹnu, tó ń ha ẹsẹ̀ lórí igi, tó kọ̀yìn sí yín, ó ti sú u, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ tó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ fúnra rẹ̀ lálẹ́ bí ilé bá pa rọ́rọ́. Ó ń dán ọ̀rọ̀ wò ni. Ẹ má lọ dúró sórí rẹ̀, ẹ má tan iná sí i lójú. Ẹ jẹ́ kó máa kùn.

Ẹ ṣọ́ra fún èébú. Ohun tí èèyàn bá fi gbogbo ara sọ ni odídẹrẹ́ ń tètè gbà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí à ń fi gbogbo ara sọ tó ọ̀rọ̀ ìbínú. Bó bá ti sọ ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má kígbe mọ́ ọn. Ẹ̀rín yín àti igbe yín, èsì ni méjèèjì létí rẹ̀. Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ kò gbọ́, kí ẹ dá a lóhùn kíákíá nígbà tó bá sọ ohun rere.

Ìgbà wo ló máa sọ̀rọ̀?

Púpọ̀ nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ tó dá ṣáká kí wọ́n tó pé ọdún kan, àwọn mìíràn á tó ọdún kan àtààbọ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó bínú sí i. Ojú ọmọ odídẹrẹ́ ṣókùnkùn, bó bá ń dàgbà ni àwọ̀ yẹ́lò á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ níbẹ̀. Akọ ń sọ̀rọ̀, abo náà ń sọ̀rọ̀, ó sì ṣòro kí ojú lásán tó mọ èwo ni akọ. Àwọn kan wà tí kò ní sọ̀rọ̀ láé, súfèé nìkan ni tiwọn. Ẹ̀bi wọn kọ́, ẹ̀bi yín náà kọ́.

Kí ló lè pa á nínú ilé?

Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò gba èéfín. Ẹ má gbé e sílé ìdáná, pàápàá níbi sítóòfù kẹrosíìnì. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, tó bá gbóná jù lórí iná, ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí èèyàn tó wà nínú yàrá kò tiẹ̀ mọ nǹkan kan lára. Píà léwu fún un. Ṣokoléètì, ọtí, kọfí àti obì náà léwu. Ẹyìn, àgbàdo tútù, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára. Ẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tún kéèjì ṣe, ẹ má sì fi ẹnu yín bọ́ ọ, nítorí àìsàn kan wà tó ń ràn láti ara rẹ̀ sí èèyàn tó ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà àti ikọ́. Bó bá ń tu ìyẹ́ ara rẹ̀ jẹ, ẹ gbé e lọ fún dókítà ẹranko. Lọ́pọ̀ ìgbà, dídá wà ló ń ṣe é.

Ṣé kí èmi náà lọ ra ọ̀kan?

Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nígbó. Yorùbá ní odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, àmọ́ oko ìwájẹ gan-an ni wọ́n ti ń fi àtè mú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kú nínú àpótí kó tó dé ọjà. Ní Gáńà, láàárín ọdún 1992 sí nǹkan bí ọdún 2014, ìwádìí fi hàn pé ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún odídẹrẹ́ tó wà nínú igbó wọn ló ti pòórá. Lọ́dún 2016, nípàdé kan ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi odídẹrẹ́ sí ìpele tó le jù. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé láti ọdún 2017, èèwọ̀ ni kéèyàn mú odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nígbó kọjá ibodè lọ tà. Ìyá àgbà máa ń sọ pé nígbà èwe wọn, agbo odídẹrẹ́ máa ń fò kọjá lórí Ìjerò ní ìrọ̀lẹ́, tí ariwo wọn á bo ti ọjà. Èmi kò rí i rí.

Ẹni tó bá ti ní in nílé tẹ́lẹ̀, kó má tú u sílẹ̀ kó ní òun ti ṣoore. Ẹyẹ tí kò mọ igbó, tí kò ní agbo, ebi tàbí àṣá ló máa pa á. Kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kó sì bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́, torí odídẹrẹ́ lè lo 40 sí 60 ọdún nínú ilé. Ẹni tó gba ọ̀kan ní ẹni àádọ́ta ọdún lónìí gbọ́dọ̀ mọ ọmọ tó máa jogún rẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n wá ńkọ́?

Wọ́n gbé kéèjì wọ pálọ̀, wọ́n gbé fóònù kúrò, wọ́n ju abẹ nù. Ìyàwó wọn àti ọmọbìnrin wọn bẹ̀rẹ̀ eré ìbẹ́pẹ ní àràárọ̀ kí ọmọ tó lọ síléèwé. Ẹ̀gbọ́n ní tiwọn kì í ráyè, ọ́fíìsì ni wọ́n ń sáré lọ. Wọ́n á kàn mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lórí tábìlì, wọ́n á yíjú sí ilé, wọ́n á ní “mo ń bọ̀”, ó parí.

Ó lé díẹ̀ ní oṣù méjì sígbà náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ mú kọ́kọ́rọ́. Ó dún wọnrin. Kí wọ́n tó yanu, wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn láti inú kéèjì: “Mo ń bọ̀.”

“Ẹ káàbọ̀” kò tíì jáde títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé àwọn fa àga, àwọn tún jókòó tì í, ọ́fíìsì sì pẹ́ lọ́jọ́ náà.